Ìwé tí wọ́n túmọ̀: ta ló ni ín ká tó kà á sórí ẹ̀rọ?

Àdìsá Òkè-Àdó

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Bàbá mi fẹ́ràn ìwé ju ẹran lọ, ṣùgbọ́n gíláúkómà ti gba ojú wọn. Lálaalẹ́ ni mo máa ń kàwé fún wọn kí wọ́n tó sùn. Nígbà tó yá, wọ́n ní ṣé mi ò lè ká ohùn mi sílẹ̀ sórí fóònù, kí àwọn rí nǹkan gbọ́ lọ́sàn-án tí mo bá wà níbi iṣẹ́. Mo ṣe é. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́ ọ, àwọn náà láwọn fẹ́. Ibẹ̀ ni ẹnìkan ti júwe LibriVox fún mi, àwọn tó ń ka ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé láti ọdún 2005.

Ibi tó ti dojú rú fún mi nìyí. Wọ́n ní ìwé tí kọpiráìtì rẹ̀ (ẹ̀tọ́ tí òfin fún ẹni tó ni ìwé láti sọ ẹni tó lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀) bá ti tán ní Amẹ́ríkà nìkan làwọn ń gbà. Mẹ́ta lára ìwé tí bàbá mi fẹ́ràn jù ló jẹ́ ìwé tí wọ́n túmọ̀. Èkíní ni Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́, ìwé tí John Bunyan kọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Èkejì ni Ìgbésí Ayé Okonkwo, tí Wálé Ògúnyẹmí túmọ̀ látinú ìwé Achebe. Ẹ̀kẹta, ti Gẹ̀ẹ́sì ni: Ògbójú Ọdẹ ti Fágúnwà, tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀. Bunyan ti kú láti 1688, Fágúnwà kú ní 1963, Achebe náà ti lọ. Tí ẹni tó kọ ìwé bá ti kú, ṣé ó tán náà nìyẹn? Ẹ bá mi là á yé.

Olùkàwé Òru

Àbúrò, ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Kò tán o. Ẹ wò ó bí ẹ ṣe máa wo aṣọ: ẹni tó hun ún yàtọ̀ sí ẹni tó rán an. Tí mo bá mú òfì bàbá bàbá mi lọ fún télọ̀, tó fi rán dàńdógó fún mi, owó iṣẹ́ télọ̀ kò sí lára ogún tí bàbá bàbá mi fi sílẹ̀. Òfin ka ẹni tó túmọ̀ ìwé sí ẹni tó ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Kọpiráìtì tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, ti ẹni tó kọ ìwé náà wà lọ́tọ̀. Àfi kí méjèèjì ti parí kí ẹ tó lè kà á fún LibriVox.

Ìyà ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ mí rí. Mo ra ìwé Tolstoy kan lọ́wọ́ oníwèé orí àtẹ ní Dùgbẹ̀, mo jókòó tì í láàárọ̀ kùtù fún oṣù kan gbáko. Mo ka orí mọ́kànlá. Mo kọ̀wé sí ẹni tó ń kó iṣẹ́ náà jọ ní LibriVox, ó sì bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ta ló túmọ̀ rẹ̀?" Mo ṣí ìwé náà síwájú sẹ́yìn. Lẹ́yìn ojú ewé àkọ́kọ́, pẹ̀lú lẹ́tà tó kéré bí ìdin, ni orúkọ olùtumọ̀ wà, ọdún 1990 sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orí mọ́kànlá wọ igbó. Mo wá lọ mú ìtumọ̀ Constance Garnett, èyí tó jáde ní 1901, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí kìíní. Láti ọjọ́ náà, orúkọ olùtumọ̀ ni mo ń kọ́kọ́ wá, kí n tó wo orúkọ ẹni tó ni ìtàn.

Òfin Amẹ́ríkà kò ṣòro lórí ìwé àtijọ́: ọdún 95 ni wọ́n ń kà láti ọdún tí ìwé jáde. Ìwé ọdún 1929 di ti gbogbo ayé ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2025, ti 1930 tẹ̀lé e ní 2026. Ọdọọdún ni ilẹ̀kùn náà ń ṣí sí i. Ọdún tí ìtumọ̀ yẹn jáde ni ẹ óò kà o, ẹ má ka ti ìwé àkọ́kọ́. Homer, akéwì ilẹ̀ Gíríìkì, ti wà ṣáájú kí wọ́n tó bí Jésù, síbẹ̀ ẹ ò lè ka ìtumọ̀ Emily Wilson ti ọdún 2017. Ti Samuel Butler tó jáde ní 1900 lẹ lè kà.

Agbẹjọ́rò Kékeré

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti Amẹ́ríkà. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ilé kún un, nítorí Ìbàdàn ni Àdìsá jókòó sí.

Òfin tí à ń lò báyìí ni ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta 2023. Fún ìwé, ọdún 70 ni wọ́n ń kà lẹ́yìn ìparí ọdún tí òǹkọ̀wé kú. Bí olùtumọ̀ náà ṣe rí nìyẹn.

Ẹ wo Fágúnwà. Oṣù Kejìlá 1963 ló kú, nítorí náà ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2034 ni ìwé rẹ̀ máa bọ́ lọ́wọ́ ẹbí ní Nàìjíríà. Ògbójú Ọdẹ jáde ní 1938. Ẹ fi 95 lé e, ọjọ́ kan náà ló bọ́ sí ní Amẹ́ríkà! Mo rò pé mo ṣì í kà ni, mo tún un kà lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n Igbó Olódùmarè jáde ní 1949. Òun náà á bọ́ nílé ní 2034, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà kò ní tú u sílẹ̀ títí di 2045. Òǹkọ̀wé kan náà, ìdílé kan náà, ọdún mọ́kànlá láàárín.

Ìtumọ̀ Ṣóyínká tí bàbá yín fẹ́ràn, 1968 ló jáde, ẹni tó ṣe é sì wà láàyè, kí Ọlọ́run túbọ̀ fún wọn ní ẹ̀mí gígùn. Kódà tí 2034 bá dé tí ti Fágúnwà ṣí, ti Ṣóyínká á ṣì wà ní títì. Ìgbésí Ayé Okonkwo ńkọ́? Achebe kú ní 2013, Ògúnyẹmí kú ní 2001. Àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn méjèèjì.

Tíṣà Àgbà

Ẹ̀yin ọmọdé wọ̀nyí, ẹ máa bá òfin yín lọ. Ọdún 34 ni mo fi kọ́ Yorùbá ní ilé-ìwé girama, Fágúnwà ni mo fi kọ́ ọ. Ta ló fẹ́ sọ fún mi pé kí n lọ tọrọ àyè kí n tó ka Àkàrà-ògùn fún ọmọ Yorùbá? Ìtàn tó kún fún iwin, egbére àti Olódùmarè, ọwọ́ baba wa ló ti rí wọn. Ti gbogbo wa ni.

Màmá Láíbìrì

Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ má bínú sí àwọn ọmọ.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé òtítọ́ yín ò ju ìlàjì lọ. Egbére àti iwin, ti gbogbo wa ni. Ìjàpá àti Yánníbo, ti gbogbo wa ni. Ṣùgbọ́n gbólóhùn Fágúnwà, bó ṣe ń to òwe léra bí ẹni to ẹ̀kọ, bó ṣe ń dúró láàárín ìtàn láti bá òǹkàwé wí, baba yín ọ̀hún ò fi ìyẹn sílẹ̀ fún wa. Òun ló jókòó tó kọ ọ́. Ó sì ní ọmọ. Tí ẹ bá kà á ní kíláàsì, kò sẹ́ni tó máa mú yín. Tí ẹ bá gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí gbogbo ayé máa gbà á, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Agbẹjọ́rò Kékeré

Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu kàn án. Ìtàn Ìjàpá pàápàá, òfin wa ní orí tirẹ̀ tó dáàbò bo ìtàn ìbílẹ̀, pàápàá tí ẹnìkan bá fẹ́ fi ṣòwò. Ẹni tó ń pàlọ́ fún ọmọ rẹ̀ kò ní wàhálà.

Tíṣà Àgbà

Ó dáa. Ìwé ìtàn Ṣẹ̀gilọlá ńkọ́? Ìwé ìròyìn Akéde Èkó ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1929 sí 1930. Ẹ ní ti 1930 ti ṣí ní Amẹ́ríkà.

Olùkàwé Òru

Bàbá, ẹ gbá a mú! Yorùbá rẹ̀ ti ṣí ní Amẹ́ríkà. Nílé, ikú I. B. Thomas tó kọ ọ́ lẹ óò fi kà á. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Karin Barber ṣe, 2012 ló jáde, ẹ má sún mọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ ka Ṣẹ̀gilọlá, Yorùbá ni kó kà. Ó tiẹ̀ dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Màmá Láíbìrì

Àdìsá, a ti fi ìjà gbàgbé rẹ. Ìwé rẹ àkọ́kọ́ ni ìdáhùn wà.

Ẹni tó túmọ̀ Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́ ni David Hinderer, míṣọ́nnárì ará Jámánì tí CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, rán wá. Ìbàdàn ló gbé, ní Kúdẹtì, òun àti Anna ìyàwó rẹ̀. Láti Òkè-Àdó, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ọdún 1890 ló kú. Bunyan ti lọ, Hinderer ti lọ, ilẹ̀kùn méjèèjì ló ṣí, nílé àti lóko.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ ẹ̀dà tí ẹ mú lọ́wọ́. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo gbé ẹ̀dà méjì ìwé àtijọ́ kan sórí tábìlì, mo fi rúlà tẹ̀ lé wọn ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ti àtijọ́ kọ "enia", "nwọn", "aiye". Ti tuntun kọ "ènìyàn", "wọ́n", "ayé". Mo ní sípẹ́lì lásán ni. Nígbà tí mo dé àárín ìwé, mo rí gbólóhùn mẹ́rin tí wọ́n tún kọ látòkè délẹ̀, mo sì rí ọ̀rọ̀ ìṣáájú àti àlàyé ìsàlẹ̀ ewé tí kò sí nínú ti tẹ́lẹ̀ rárá. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó tún un ṣe nìyẹn, tirẹ̀ ni. Nítorí náà ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú 1931 ni kí ẹ wá, kí ọdún rẹ̀ hàn lójú ewé àkọ́kọ́. Tó bá jẹ́ pé wọ́n kàn tún ìwé àtijọ́ tẹ̀ láì yí nǹkan kan padà, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ fi ti àtijọ́ gbè é lẹ́sẹ̀.

Àǹfààní kan wà níbẹ̀ tí ẹni tó ń tẹ ìwé kò ní: etí kì í gbọ́ sípẹ́lì. "Aiye" àti "ayé", ìkan náà ni lẹ́nu. Níbi tí àmì ohùn kò sí, ẹ̀yin lẹ óò fi ohùn sí i. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó tan máíkì, kí ẹ má baà pe ọkọ́ ní ọkọ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Houston

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo fẹ́ sọ bí wọ́n ṣe ń wá ẹ̀dà àtijọ́. Ẹ wá a ní Internet Archive, ẹ wá a ní HathiTrust, ibi ìkówèésí orí íntánẹ́ẹ̀tì ni méjèèjì. HathiTrust máa ń wo orílẹ̀-èdè tí ẹni tó ń wò ó wà. Ìwé tí mo ń ṣí gbayawu níbí, ẹ lè má rí ju ibi ìṣáwárí rẹ̀ lọ ní Ìbàdàn. Kò túmọ̀ sí pé kọpiráìtì rẹ̀ ṣì wà ní Amẹ́ríkà. Tó bá ṣe yín bẹ́ẹ̀, ẹ kọ̀wé síbí, màá wò ó, màá sọ ohun tó wà lójú ewé àkọ́kọ́ fún yín.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti London. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi níbẹ̀ fẹ́ dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń ka ìwé ogun tí Remarque kọ, All Quiet on the Western Front. Wheen túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1929, ọdún kan náà tó jáde ní èdè Jámánì, nítorí náà ó ti ṣí ní Amẹ́ríkà láti 2025. Remarque kú ní 1970, Wheen kú ní 1971. Ní London, ọdún 70 lẹ́yìn ikú ni wọ́n ń kà. Ìtumọ̀ náà kò ní bọ́ níbẹ̀ títí di 2042. Mo ní kó fi sílẹ̀, kó mú ìwé mìíràn. Òfin ibi tí èèyàn jókòó sí ló máa mú un, kì í ṣe ti ibi tí ẹ̀rọ wà nìkan.

Ẹ má sì rò pé ohunkóhun tó bá wà ní Project Gutenberg, ìkànnì ìwé ọ̀fẹ́, ló ti bọ́. Ìtumọ̀ Metamorphosis ti Kafka tí David Wyllie ṣe wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n olùtumọ̀ ló yọ̀ǹda rẹ̀, kọpiráìtì wà lórí rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé náà, ẹni tó kánjú kò ní rí i.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, ìbéèrè tèmi rèé. Mo gbọ́ Faransé, Yorùbá sì ni èdè ìyá mi. Mo ń gbé Èkó báyìí. Mo ti ń túmọ̀ Le Petit Prince, ìwé ìtàn Faransé kan, sí Yorùbá fúnra mi, mo fẹ́ kà á fún àwọn ọmọ wa. Ẹni tó kọ ọ́ kú ní 1944. Ìtumọ̀ tèmi ni, ta ló kù tí màá bẹ̀? (Níbi tó bá le, mo máa ń yọjú wo ti Gẹ̀ẹ́sì.)

Agbẹjọ́rò Kékeré

Àǹtí, gbogbo ọ̀rọ̀ yín ló dáa, àfi èyí tí ẹ fi sínú àkámọ́.

Saint-Exupéry kú ní 1944, nítorí náà ní ìṣirò ọdún 70, ìwé rẹ̀ ti bọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ 2015. Ẹ lè túmọ̀ rẹ̀ látinú Faransé, ìtumọ̀ náà á sì jẹ́ tiyín. Ṣùgbọ́n ti Gẹ̀ẹ́sì, tó bá jẹ́ ti Katherine Woods lẹ ń yọjú wò, 1968 lòun kú, tirẹ̀ kò tíì bọ́. Tí gbólóhùn yín bá gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ó ti di ìtumọ̀ lórí ìtumọ̀. Ẹ pa ìwé Gẹ̀ẹ́sì náà dé. Ẹ lo ìwé atúmọ̀-èdè.

Nǹkan méjì mìíràn. Ilẹ̀ Faransé fi ọdún kún ti ẹni tó kú sójú ogun fún wọn, nítorí náà ìwé náà ṣì wà ní títì lọ́dọ̀ wọn. Amẹ́ríkà sì ń ka 1943 tó jáde síbẹ̀: 2039 ló máa ṣí. LibriVox kò lè gbà á kí 2039 tó dé, bó ti wù kí Yorùbá yín dùn tó.

Màmá Láíbìrì

Ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ fúnra rẹ̀, ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ ní Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀. 1901 ló kú, 1921 ni ìwé náà jáde, Obadiah àbúrò rẹ̀ tó tún un tò ti kú kó tó jáde. Kò sí ilẹ̀kùn kankan lẹ́nu rẹ̀. Iṣẹ́ ọdún púpọ̀ ni o, mo kàn ní kí n dárúkọ rẹ̀.

Ní ti Bíbélì tí ẹnìkan bi mí ní ìkọ̀kọ̀: ti Crowther, tó parí ní 1884, ti bọ́ tipẹ́. Ti òde òní tí Biblica, ẹgbẹ́ tó ń túmọ̀ Bíbélì, ṣe kò bọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fún gbogbo èèyàn láyè láti lò ó, tí ẹ bá dárúkọ wọn tí ẹ sì fi àyè kan náà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹ lè kà á sórí ìkànnì tiyín. LibriVox ò ní gbà á.

Àdìsá Òkè-Àdó

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Bàbá mi ní kí n kí yín. Ṣùgbọ́n ojú wọn rẹ̀wẹ̀sì nígbà tí mo sọ ti Okonkwo. Ṣé mi ò gbọ́dọ̀ kà á fún wọn mọ́ ni?

Agbẹjọ́rò Kékeré

Ẹ̀gbọ́n Àdìsá, ó yẹ kí n ti sọ èyí láti òkè. Àdéhùn kan wà tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Marrakesh ní 2013, nítorí àwọn afọ́jú àti àwọn tí kò lè ka ìwé títẹ̀. Nàìjíríà wọ inú rẹ̀ ní 2017, òfin 2022 sì ti fi àyè sílẹ̀ fún un. Àdéhùn náà sọ pé afọ́jú, tàbí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, lè ṣe ẹ̀dà ìwé tí afọ́jú náà lè lò fún ara rẹ̀, láì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìwé tí ẹ rà lọ́nà ẹ̀tọ́ ni kó jẹ́.

Nítorí náà ẹ ka Ìgbésí Ayé Okonkwo fún bàbá, ẹ ká a sórí fóònù, ẹ fún wọn. Kó má kúrò lórí fóònù yẹn lọ sórí WhatsApp ṣọ́ọ̀ṣì. Tí àwọn ọ̀rẹ́ wọn tí ojú wọn kò ríran dáadáa náà bá fẹ́, ẹ wá ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn afọ́jú, tó ní àṣẹ láti ṣe irú rẹ̀, kí ẹ ya ohùn yín fún wọn.

Tíṣà Àgbà

Èyí dára. Òfin tó ní ojú àánú ni èyí. Mo fa ọwọ́ mi kúrò lára díẹ̀ nínú ohun tí mo sọ lánàá.

Olùkàwé Òru

Díẹ̀ nìkan, Bàbá? 😄

Àdìsá, fún ti Hinderer: ẹ lo Audacity láti fi ká ohùn yín sórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. MP3 128 kbps ni wọ́n ń gbà, kí ohùn wà ní bíi 89 dB, kí ẹ fi ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún dákẹ́ níparí. Wọ́n á wá ẹni tó gbọ́ Yorùbá tó máa tẹ́tí sí i kó wo àṣìṣe. Níbẹ̀rẹ̀, ẹ óò dárúkọ ìwé, ẹni tó kọ ọ́, lẹ́yìn náà ẹni tó túmọ̀ rẹ̀.

Màmá Láíbìrì

Èmi ni màá tẹ́tí sí i. Owó táwọn ọmọ mi fi ra earphone fún mi kò gbọdọ̀ ṣòfò.

Àdìsá Òkè-Àdó

Ìròyìn rèé o, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọmọ Ẹ̀gbá ní Houston bá mi rí ẹ̀dà àtijọ́, ọdún hàn lójú ewé rẹ̀, wọ́n ti gbà á. Agogo mẹ́ta òru ni mo fi ń kà, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá ti sùn. Fíríìjì ni ọ̀tá mi báyìí. Mo máa ń yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri, mo gbàgbé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹja ìyàwó mi sì bàjẹ́. Ẹ má bi mí bó ṣe parí.

Lánàá mo gbé orí kìíní fún bàbá mi gbọ́. Nígbà tí ohùn mi dé "David Hinderer ló túmọ̀ rẹ̀", wọ́n ní kí n dá a dúró, kí n dá a padà sẹ́yìn. Wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. "Hinderer? Ti Kúdẹtì?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní láti ọmọdé làwọn ti ń ka ìwé yìí, àwọn ò tíì wo orúkọ ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n máa bá a lọ.